Ọ̀rọ̀ Inú Fóònù Lórí Nǹkan Oṣù: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Gbà Á

  

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí. Àwọn àgbà wa kì í sọ ọ́ níta gbangba. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù obìnrin ni. Ẹ lè béèrè pé: kí ló dé tí ẹ fi gbé e wá sórí rédíò, tí ẹ sì tún kọ ọ́ sínú ìwé? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ síta tipẹ́. Ó wà nínú fóònù àwọn ọmọ wa.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, títí dé Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, ọmọbìnrin tó ní fóònù, tàbí tó ní ọ̀rẹ́ tó ní in, lè rí ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù lórí Facebook, lórí WhatsApp àti lórí TikTok. Obìnrin kan yóò jókòó síwájú fóònù ní ilẹ̀ òkèèrè. Yóò ní kí gbogbo obìnrin jẹ èyí, kí wọ́n má jẹ tọ̀hún, kí wọ́n fi èyí fọ abẹ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé abúlé.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ? Òmíràn jẹ́ òótọ́. Òmíràn jẹ́ irọ́. Òmíràn sì léwu. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN Ọ̀DỌ́BÌNRIN Ń SỌ

Nínú kíláàsì ìwé kíkà wa, bí àwọn ọkùnrin bá ti lọ tán, àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń dúró béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ kò dọ́gba. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú fóònù. Wọ́n ní: «Bí mo bá bi ìyá mi, yóò ní ta ló fi mí mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n lè jágbe mọ́ mi. Fóònù kì í bínú sí mi.»

Àwọn kan ń ṣiyèméjì. Wọ́n ní: «Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, tó bá sọ ọ́ tán, á mú oògùn jáde, á ní ká wá rà á. Ṣé nítorí tiwa ló ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, àbí nítorí owó?»

Àwọn yòókù kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Wọ́n ní: «Ẹnì kan ní kí á mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn ní kí á má ṣe mu ún. Ta ni ká gbàgbọ́?»

Ẹ̀yin ará, kò sí èyí tó ṣe òmùgọ̀ nínú wọn. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà náà.

KÍ NI NǸKAN OṢÙ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ara obìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí, irọ́ kò ní tètè wọlé sí i lára.

Ilé ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin. Àpò ẹyin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹyin inú wọn kéré púpọ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Lóṣooṣù, ẹyin kan sábà máa ń jáde. Ní àsìkò náà, ilé ọmọ á ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ibùsùn náà.

Bí ẹyin bá pàdé àtọ̀ ọkùnrin, oyún lè dúró lórí ibùsùn yìí. Bí oyún kò bá sí, ilé ọmọ á ká ibùsùn náà kúrò. Òun ló ń jáde bí ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ òmíràn.

Nítorí náà, nǹkan oṣù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú. Kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ ara ni.

Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dà fún ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 7. Lójú ẹni, ó dà bíi pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, fún ọ̀pọ̀ obìnrin kò ju ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3 lọ.

BÍ A ṢE Ń KA OṢÙ OBÌNRIN

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde ni ọjọ́ kìíní. Ẹ ó máa kà á lọ títí di ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e. Iye ọjọ́ tí ẹ bá rí ni gígùn oṣù yín.

Ẹ máa ń gbọ́ pé ọjọ́ 28 ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Fún obìnrin tó ti dàgbà, láti ọjọ́ 21 dé ọjọ́ 35, kò sí ohun tó ṣe é. Fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè gùn dé ọjọ́ 45.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ lo ìwé yín fún èyí. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Lóṣooṣù, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó dá. Bí inú bá run yín, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ báyìí:

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní.
Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì. Ó jẹ́ ọjọ́ 28.
Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Ó jẹ́ ọjọ́ 31.
Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ó jẹ́ ọjọ́ 26.

Ẹ rí i pé iye ọjọ́ náà kò dọ́gba: 28, 31, 26. Síbẹ̀, ara ọmọ náà le. Kò sí èyí tó kéré sí 21, kò sí èyí tó ju 35 lọ. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

ÒṢÙWỌ̀N MẸ́TA

Bí a bá lọ ra àgbàdo lọ́jà, a kì í kàn bu ú sínú àpò. A máa ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa wọn ọ̀rọ̀ inú fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta ni òṣùwọ̀n wa:

1. Ta ló sọ ọ́? Ṣé agbẹ̀bí ni, tàbí dókítà, tàbí ẹni tó kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ?
2. Kí ló ń tà? Bí ó bá ń tà á, ẹ ṣọ́ra.
3. Bí ó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò bàjẹ́ lára mi?

Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Irọ́ kan wà tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ kan wà tó ń jẹ owó. Irọ́ kan sì wà tó ń ba ayé ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀RỌ̀ KÌÍNÍ: «ÀWỌN OBÌNRIN TÓ Ń GBÉ PỌ̀ MÁA Ń ṢE NǸKAN OṢÙ PỌ̀»

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí fóònù tó dé. Ní ọdún 1971, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Martha McClintock, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Ó ti wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 135 tó ń gbé pọ̀ ní ilé ìwé. Ó ní nǹkan oṣù àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ń súnmọ́ra. Láti ìgbà náà ni ayé ti gbé e kiri.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn tún un wò. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé èsì ti obìnrin 186 ní ilẹ̀ Ṣáínà jáde. Wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tó fi ń jọ òótọ́ lójú wa?

Ẹ wo ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún. Nígbà mìíràn, ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó bá yá, á kúrò níbẹ̀. Ọjà kò tẹ̀ lé Jímọ̀, Jímọ̀ kò sì tẹ̀ lé ọjà. Ìṣirò kálukú ló mú wọn pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin méjì nínú ilé kan. Ọ̀kan ń ka 26, èkejì ń ka 30. Ọjọ́ kan á wà tí wọn yóò pàdé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé ni a máa ń rántí.

Bí ó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò bàjẹ́? Kò sí. Ẹ fi rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀RỌ̀ KEJÌ: «PÍN OṢÙ RẸ SÍ MẸ́RIN, KÍ O SÌ MÁA JẸUN TẸ̀ LÉ E»

Àwọn Òyìnbó ń pe èyí ní cycle syncing. Alisa Vitti, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ WomanCode tó jáde ní ọdún 2013. Lónìí ó kún orí TikTok. Wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan wà fún iṣẹ́ líle, ọ̀sẹ̀ kan wà fún ìsinmi. Àwọn mìíràn ń ta irúgbìn, pé kí á jẹ irú kan ní ìdajì oṣù, kí á jẹ irú mìíràn ní ìdajì kejì.

Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù. Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ láàárín oṣù. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń rẹ obìnrin kan, tí inú sì ń bí òmíràn, nígbà tí nǹkan oṣù kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé ó yẹ kí obìnrin pín oúnjẹ rẹ̀ sí mẹ́rin, tàbí pé irúgbìn olówó iyebíye ń tún nǹkan oṣù ṣe.

Bí ó bá jẹ́ irọ́, owó ni yóò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ohun tó dára wà nítòsí yín. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ń kó èròjà irin kúrò lára. Ẹ̀wà, ewébẹ̀ tútù, ẹja àti ẹran ń dá a padà. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ọsàn lé e, yóò jẹ́ kí ara gba irin náà dáadáa. Ẹ má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ náà, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ máa jẹun bẹ́ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ KẸTA: «FI EWÉ GBÍGBÓNÁ FỌ INÚ ABẸ́ RẸ KÓ LÈ MỌ́»

Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ dúró níbí yìí kí ẹ kà á dáadáa.

Lórí fóònù, wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin láti jókòó lé omi gbígbóná tí ewé wà nínú rẹ̀, kí ooru rẹ̀ wọ abẹ́. Àwọn mìíràn ń ta ewé tí wọ́n dì sínú aṣọ kékeré, pé kí obìnrin kì í bọ inú ara. Wọ́n ní yóò fa ìdọ̀tí oṣù jáde.

Ìdọ̀tí wo? A ti sọ ọ́ lókè pé nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú ojú ara obìnrin ń fọ ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín rere ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ ilé. Bí ẹ bá da ọṣẹ, ewé, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí áláọ̀mù sínú ibẹ̀, ẹ ti lé ọlọ́dẹ lọ nìyẹn. Olè á wọlé: ara yíyún, òórùn burúkú, ọgbẹ́.

Ooru náà sì lè jó ènìyàn. Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Kánádà kọ ìtàn obìnrin ẹni ọdún 62 kan tó jókòó lé irú omi bẹ́ẹ̀. Ó jóná ní abẹ́.

Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ ìta abẹ́. Ẹ fi inú sílẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí ó bá ń yún yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ohun tó nílò fífọ̀ ni aṣọ tí ẹ ń lò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń sá a sábẹ́ ibùsùn nítorí ìtìjú. Kì í gbẹ níbẹ̀. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó lórí okùn. Yálà aṣọ ni ẹ ń lò o, tàbí páàdì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí kó tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀.

Ọ̀RỌ̀ KẸRIN: «FÓÒNÙ YÓÒ SỌ ỌJỌ́ TÍ O KÒ LÈ LÓYÚN»

Èyí ló ń dẹ́rù bà wá jù, nítorí òun ló lè lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé.

Áàpù ni ohun tí a ń fi sínú fóònù kó lè bá wa ṣe iṣẹ́ kan. Áàpù wà tó ń ka nǹkan oṣù. Ọmọbìnrin á kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀. Áàpù á ní: ọjọ́ báyìí ni ẹyin yóò jáde. Ọmọ á rò pé ọjọ́ yòókù kò léwu.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ ṣàkíyèsí: kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó kọjá. Ẹ padà sórí ọmọbìnrin inú àpẹẹrẹ wa. Ní oṣù ọlọ́jọ́ 28, ẹyin rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ní ti ọlọ́jọ́ 31, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 17. Ní ti ọlọ́jọ́ 26, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 12. Nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá yóò jẹ́ 26 tàbí 31? Ọmọ kò mọ̀. Áàpù tó ń ka ọjọ́ lásán kò mọ̀. Ó kàn ń méfò ni.

Òmíràn tún wà. Ẹyin kì í gbé ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin dé ọjọ́ 5. Bí ẹyin bá máa jáde ní ọjọ́ 12, àtọ̀ tó wọlé ní ọjọ́ 7 lè dúró dè é. Ní ọjọ́ 7, ẹ̀jẹ̀ obìnrin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Nítorí náà, ẹni tó ní «mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan oṣù tán, kò sí ewu» ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tí oṣù rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan, òun ni áàpù lè ṣì lọ́nà jù.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ irọ́, oyún ni. Ẹni tí kò fẹ́ lóyún, agbẹ̀bí ni kó lọ bá. Ó mọ àwọn ọ̀nà tó dájú, yóò sì ṣàlàyé wọn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà tún wà. Ní ọdún 2021, àjọ ìjọba kan ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù Flo. Wọ́n ní ó fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn obìnrin hàn fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bíi Facebook àti Google, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí pé òun yóò pa á mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn láti parí ẹjọ́ náà. Ìwé kékeré tó wà nínú àpótí yín kì í ròyìn yín fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀RỌ̀ KARÙN-ÚN: «INÚ RÍRUN TÓ PỌ̀ JÙ KÌ Í ṢE OHUN TÍ A Ń FARADÀ»

Ẹ má rò pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú fóònù. Èyí jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń sọ ọ́.

Àwọn ìyá wa máa ń ní: «Farada á, bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn.» Òótọ́ ni pé inú máa ń run ọ̀pọ̀ obìnrin díẹ̀. Ilé ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kó lè ti ibùsùn náà jáde. Kí ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn, kí ẹ rìn díẹ̀, ó máa ń ṣe ìrànwọ́. Oògùn bí ibuprofen tún ń dín in kù, bí ẹ bá ti jẹun kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tó ní ikọ́ fée, tí kíndìnrín ń dùn, tàbí tó lóyún, kó má ṣe lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe ra oògùn orí àtẹ tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí inú rírun bá ń dè yín mọ́lẹ̀ lóṣooṣù, tí ẹ kò lè lọ sí oko tàbí ilé ìwé, àìsàn lè wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní endometriosis. Ẹran tó jọ ti inú ilé ọmọ ló ń hù sí ìta ilé ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú obìnrin 10 tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, ó ń ṣe nǹkan bí ẹnì 1. Kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtọ́jú wà tó ń dín in kù.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ mú ìwé kékeré yín dání, kí ẹ fi han agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì, bí:

— ẹ̀jẹ̀ bá dà ju ọjọ́ 7 lọ;
— aṣọ tàbí páàdì bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra;
— ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láàárín oṣù, tàbí lẹ́yìn tí obìnrin ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró;
— oṣù mẹ́ta bá kọjá láìrí i;
— ó bá pẹ́ ju ọjọ́ tó yẹ lọ, tí ẹ sì ti bá ọkùnrin lò pọ̀, nítorí ó lè jẹ́ oyún;
— ọmọbìnrin bá pé ọdún 15 láìtíì rí i rárá;
— ibà, òórùn burúkú tàbí òòyì bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ gidigidi, tàbí tó dákú, kó má ṣe dúró di ọ̀la.

Ẹ̀YIN ÌYÁ ÀTI Ẹ̀YIN BÀBÁ

Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ láàárín ọdún 10 sí ọdún 15. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ kó tó rí i. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá aṣọ rẹ̀ ni yóò máa rò pé òun ti fẹ́ kú. Bí ó bá bi yín léèrè, ẹ má ṣe bínú. Bí ìyá bá bínú, fóònù ni ọmọ yóò lọ bá, ẹ kò sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù náà. Bí ẹ kò bá mọ èsì rẹ̀, ẹ ní: «Jẹ́ ká jọ lọ bi agbẹ̀bí.» Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà ní ipa nínú rẹ̀. Owó ọṣẹ, owó páàdì tàbí aṣọ, owó ìwé ilé ìwé ni. Ọmọ tí kò ní ohun tí yóò fi di ara rẹ̀ kò ní lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Láti ọdún 2014 ni a ti ń ya ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún sọ́tọ̀ káàkiri ayé fún ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Ilẹ̀ Jámánì ni àwọn tó dá a sílẹ̀ wà. Wọ́n mú ọjọ́ 28 nítorí iye ọjọ́ tí a sábà ń kà, wọ́n sì mú oṣù karùn-ún nítorí ọjọ́ 5 tí ẹ̀jẹ̀ sábà ń dà. Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ lè pe agbẹ̀bí wá sí kíláàsì yín, kó wá dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin àbúrò wa lóbìnrin, a kò ní kí ẹ ju fóònù nù. A ní kí ẹ máa wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́? Kí ló ń tà? Bí ó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò bàjẹ́ lára mi? Èyí tí kò bá pé òṣùwọ̀n, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ilé ọmọ ń ká kúrò lóṣooṣù?
2. Nǹkan oṣù obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mélòó ni?
3. Kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan oṣù tán fi lè lóyún?
4. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ti gbọ́ nínú fóònù. Ẹ fi òṣùwọ̀n mẹ́ta náà wọ̀n ọ́n.